Láti Ọ̀dọ̀ Ìwẹ̀fà Dé Ọ̀dọ̀ Ọmọ Ogun Inú Ẹ̀jẹ̀: Ìtàn Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Prostate

  

Ìtàn la máa ń sọ níbí. A ti sọ ti ojú irin, a ti sọ ti kùsà. Ti òní, ìtàn oògùn ni. Ohun tó fà á ni pé ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti fóònù dé fóònù láàárín wa. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ti ní abẹ́rẹ́ kan tó ń ta àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ jí, pé bí wọ́n bá fi kún ìtọ́jú hòmóònù, jẹjẹrẹ prostate tó ti wọ egungun á kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Ìdílé tí bàbá wọn ń ṣàìsàn, tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, á fẹ́ mọ̀ bóyá káwọn ta ṣọ́ọ̀bù, káwọn ta ilẹ̀ tó wà nílé, káwọn gbé bàbá lọ sí India. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. A kì í ṣe dọ́kítà, ọjà là ń tà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà mọ̀ pé kéèyàn tó sanwó, ó yẹ kó mọ ibi tí ọjà náà ti wá, ẹni tó ti rà á rí, àti bó ṣe bá onítọ̀hún lára mu sí. Ojú yẹn la fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ yìí lónìí.

KÍ NI PROSTATE GAN-AN?

Ẹ̀yà ara ọkùnrin ni. Obìnrin ò ní in. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló jókòó sí, ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì la àárín rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ọkùnrin bá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kò ju kóró awùsá kan lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè lára omi tó ń gbé àtọ̀ jáde. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá fi máa ń jí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún lóru láti tọ̀. Gbogbo wíwú kọ́ ni jẹjẹrẹ o. Ọ̀pọ̀ jù lọ jẹ́ wíwú àgbà lásán, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ó lè dákẹ́ fún ọdún púpọ̀ láìsí ìrora kankan, kó tó wá ràn dé egungun ẹ̀yìn, ìbàdí àti itan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn tá a ti fi òróró pa ẹ̀yìn títí, tá a ní làkúrègbé ni.

Àrùn yìí mọ ilé àwa ènìyàn dúdú dáadáa. Ìṣirò tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé nínú ọkùnrin mẹ́jọ níbẹ̀, ọ̀kan ni wọ́n máa rí jẹjẹrẹ prostate lára rẹ̀ láyé rẹ̀. Ti ọkùnrin dúdú tó ń gbé ibẹ̀ wá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Kò sì mọ ẹni ńlá. Nelson Mandela ní in ní 2001. Ní November 2014, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà yẹn, jáde sọ fún gbogbo ayé ní Abẹ́òkúta pé òun ti ní in, òun sì ti gba ìtọ́jú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò fi pamọ́, wọn ò tijú. Nínú àwa Yorùbá tó jẹ́ pé "ẹ̀yìn ló ń dun bàbá" là ń sọ títí dé etí sàréè, ohun ńlá ni wọ́n ṣe yẹn.

Ó dáa. Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ibo ni ìtọ́jú náà sì ti wá?

ÀWỌN ÌWẸ̀FÀ ÀTI AJÁ CHICAGO

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn Ọ̀yọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, ẹ mọ̀ pé ìwẹ̀fà wà láàfin. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti tẹ̀ ni. Ọ̀nà-ìwẹ̀fà ń gbọ́ ẹjọ́ lórúkọ Aláàfin, Ọ̀tún-ìwẹ̀fà ń bójú tó ọ̀rọ̀ Ṣàngó, Òsì-ìwẹ̀fà sì ń dúró gẹ́gẹ́ bí ọba fúnra rẹ̀ níbi tí ọba ò bá lè lọ. Ìjòyè ńlá ni wọ́n. Síbẹ̀, kò sí bàbá tó ń gbàdúrà kí ọmọ òun di ìwẹ̀fà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa kúrò ní ọsibítù títí dòní.

Ohun tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ kíyè sí ni pé ẹran tí wọ́n bá ti tẹ̀, prostate rẹ̀ kì í dàgbà. Oníṣẹ́ abẹ kan ní London, John Hunter, ti sọ ọ́ láti nǹkan bí 1786. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó tó nǹkan bí 150 ọdún lẹ́yìn náà kí dọ́kítà kan ní Yunifásítì Chicago, Charles Huggins, ọmọ Kánádà tí wọ́n bí ní Halifax ní 1901, tó mú un ṣiṣẹ́. Ajá ló fi bẹ̀rẹ̀, torí ajá wà lára àwọn ẹran díẹ̀ tí prostate tiwọn náà máa ń wú lágbà. Ó rí i pé bí òun bá yọ kórópọ̀n ajá náà, ohun tó wú á sún kì.

Ní 1941, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Clarence Hodges tẹ ìwádìí wọn jáde. Lọ́dún kan náà, wọ́n tún ròyìn àwọn ọkùnrin 21 tí jẹjẹrẹ prostate ti ràn lára wọn, tí wọ́n yọ kórópọ̀n wọn. Wọ́n ń wọn ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ acid phosphatase, èyí tí prostate ń pèsè. Bí jẹjẹrẹ bá ń ràn, á lọ sókè. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó wálẹ̀. Àwọn tí ìrora egungun ò jẹ́ kí wọ́n sùn bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, wọ́n ń jẹun, ara ń gbà wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kórópọ̀n ló ń pèsè testosterone, ìyẹn hòmóònù tó ń sọ ọkùnrin di ọkùnrin, òun náà sì ni oúnjẹ jẹjẹrẹ yìí. Tí oúnjẹ bá dáwọ́ dúró, ebi á pa á. Ní 1966, wọ́n fún Huggins ní ẹ̀bùn Nobel, òun àti Peyton Rous.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí lásìkò yẹn. Ogun Hitler ló wà lóde. Nígbà tí àwọn ará Japan gba Malaya lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tín-ín-rìn tó ń ti ibẹ̀ wá dáwọ́ dúró, ni ìjọba amúnisìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fipá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wá sí oko kùsà Plateau láti 1942. Àwọn tó wà ní Naraguta àti Bukuru nígbà yẹn ò gbọ́ orúkọ Huggins rí. Bẹ́ẹ̀ ohun tó rí ní Chicago yẹn gan-an ló padà wá di ìtọ́jú àwọn ọmọ wọn. Títí dòní ní Nàìjíríà, ọkùnrin tí jẹjẹrẹ prostate rẹ̀ ti ràn, tí kò lówó abẹ́rẹ́ oṣooṣù, iṣẹ́ abẹ yìí kan náà ni dọ́kítà máa kọ́kọ́ bá a sọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń sanwó rẹ̀, kò pẹ́ rárá, àǹfààní rẹ̀ sì wà títí.

LÁTI ABẸ DÉ ORÍ ABẸ́RẸ́

Huggins tún rí i pé èèyàn lè rí irú àǹfààní kan náà láì lo abẹ, tí wọ́n bá ń fún ọkùnrin ní hòmóònù obìnrin. Oògùn kan tó ń jẹ́ stilboestrol ni wọ́n ń lò fún un. Ó ṣiṣẹ́, ó sì pọ́n díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn dọ́kítà Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn sójà àtijọ́ ṣe ìṣirò ní àwọn ọdún 1960, wọ́n rí i pé àwọn tó ń lo èyí tó pọ̀ ń ti ipa àrùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ dídì kú. Jẹjẹrẹ ò pa wọ́n, oògùn ló ń pa wọ́n. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ìtàn yìí: oògùn tó dín jẹjẹrẹ kù lè má fi kún ẹ̀mí èèyàn. Àfi kí wọ́n kà á.

Ọ̀nà míì ṣí láti inú ọpọlọ. Andrew Schally kó ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ jọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún láti ilé ìpẹran, Roger Guillemin, ẹni tí wọ́n jọ ń figẹ̀ wọngẹ̀, ń kó ti àgùntàn. Wọ́n ń wá hòmóònù tíńtín tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sísàlẹ̀ pé kí kórópọ̀n ṣiṣẹ́. Ní 1971, wọ́n mọ bí a ṣe tò ó. Ní 1977, àwọn méjèèjì gba Nobel, pẹ̀lú Rosalyn Yalow. Lára ohun tí wọ́n rí yẹn ni wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ bíi leuprolide, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1985, àti goserelin tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Zoladex. Wọ́n ń gún un lóṣooṣù tàbí lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ tí abẹ ń ṣe náà ló ń ṣe, kórópọ̀n kàn wà níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá dá abẹ́rẹ́ dúró nítorí owó, testosterone lè padà, kí jẹjẹrẹ sì rí oúnjẹ jẹ.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ìtọ́jú hòmóònù ní wàhálà tirẹ̀, yálà abẹ tàbí abẹ́rẹ́. Ìfẹ́ obìnrin á dín kù tàbí kó lọ, ooru á máa mú èèyàn lójijì, egungun á máa fẹ́lẹ́, ara á máa sanra. Ṣùgbọ́n kò sọ bàbá di ìwẹ̀fà tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá ṣì ni bàbá, ọkọ ṣì ni ọkọ. Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìgbà tí ìyàwó bá sọ pé "ẹ̀mí yín ni mo fẹ́," ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń gbà.

Ìṣòro tó kù ni pé lára èyí tó pọ̀ jù, lẹ́yìn ọdún mélòó kan, jẹjẹrẹ á kọ́gbọ́n. Á máa rí testosterone díẹ̀díẹ̀ níbòmíì, àní á máa dá tirẹ̀ sè. Àwọn onímọ̀ ní London, ní Institute of Cancer Research, ló ṣe oògùn tó ń ti ilé ìdáná yẹn pa. Abiraterone lorúkọ rẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2011. Enzalutamide tẹ̀ lé e ní 2012. Ṣáájú ìyẹn, láti 2004, docetaxel, ìyẹn oògùn kímò tí wọ́n ń fà sí ẹ̀jẹ̀, ti wà. Ìyípadà ńlá wá dé láàárín 2015 sí 2017. Ìwádìí lórí ìwádìí fi hàn pé kéèyàn má dúró kí jẹjẹrẹ kọ́gbọ́n kó tó fi kún un. Nínú ìwádìí ńlá méjì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, STAMPEDE àti LATITUDE, àwọn tí wọ́n fún ní abiraterone pẹ̀lú hòmóònù láti ìbẹ̀rẹ̀, ewu ikú wọn fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti àwọn tó gba hòmóònù nìkan. Ní 2019, àjọ ìlera àgbáyé WHO fi abiraterone sínú ìwé oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣaláìní. Ilé iṣẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ ló sì ń ṣe é báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sàmì sí ibẹ̀ yẹn, torí a máa padà síbẹ̀.

ÀWỌN ỌMỌ OGUN INÚ Ẹ̀JẸ̀

Ẹ̀ka kejì ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ ní New York. Oníṣẹ́ abẹ egungun kan, William Coley, rí i pé aláìsàn kan tí àrùn awọ kan kọ lù, jẹjẹrẹ rẹ̀ pòórá. Láti 1891, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn èèyàn ní kòkòrò àrùn yẹn, kí ara wọn lè gbaná jẹ, kó sì bá jẹjẹrẹ jà. Nígbà míì ó ń ṣiṣẹ́, nígbà míì ó ń pa èèyàn. Àwọn dọ́kítà yòókù ò gbà á gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì tutù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí Coley ò mọ̀ ni bíréèkì. Àwa tá a ń gbé Jos mọ ohun tó ń jẹ́ checkpoint dáadáa. Sójà dúró lójú ọ̀nà, ó ń wo ìwé ìdánimọ̀, ẹni tó bá ní in, á kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni inú ara. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ń yẹ gbogbo ẹ̀yà ara wò, kí wọ́n má bàa pa ọmọ onílé. Jẹjẹrẹ wá gbọ́n, ó ní ayédèrú ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì ń jẹ́ kó kọjá. James Allison ní Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ní Japan ló rí bí wọ́n ṣe lè gba ayédèrú ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn àkọ́kọ́ nínú irú èyí, ipilimumab, jáde ní 2011 fún jẹjẹrẹ awọ ara. Ní 2018, àwọn méjèèjì gba Nobel. Ìtọ́jú yìí ni wọ́n ń pè ní immunotherapy.

Ẹni tó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ ni Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀. Ní 2015, jẹjẹrẹ awọ rẹ̀ ti dé ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Wọ́n fi iná ọsibítù sí i, wọ́n fún un ní pembrolizumab, wọn ò sì rí i mọ́. Ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú ní December 2024. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ awọ ni ti Carter. Èyí tí wọ́n ń fi ìtàn rẹ̀ polówó fún àwọn bàbá tó ní ti prostate, wọ́n ń fi ìwọ̀n ìrẹsì wọn aṣọ ni.

ṢÉ Ó ṢIṢẸ́ FÚN TI PROSTATE?

Ẹ ò ní gbàgbọ́, ti prostate ló ṣáájú. Ní April 2010, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí sipuleucel-T, tí wọ́n ń tà lórúkọ Provenge. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n á ya lára àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á kọ́ wọn ní bí ọ̀tá ṣe rí, wọ́n á dá wọn padà sára. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é. Ohun tí wọ́n sì fi ń kọ́ wọn ni acid phosphatase ti prostate, èyí tí Huggins ń wọn nínú ẹ̀jẹ̀ ní 1941! Lára ọkùnrin 512 tí hòmóònù ò ràn mọ́, àwọn tó gbà á gbé tó oṣù 25.8, àwọn tí kò gbà á gbé tó oṣù 21.7. Oṣù mẹ́rin ló fi kún un. Iye rẹ̀ jẹ́ $93,000. Dendreon, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wọko gbèsè, ó sì wá ààbò lọ sí kóòtù ní November 2014. Àwa oníṣòwò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ọjà dára díẹ̀, owó rẹ̀ ga jù, oníbàárà ò tó.

Ní ti pípa á pọ̀ mọ́ hòmóònù, kì í ṣe àlá lásán ni wọ́n ń lá. Ní 2001, àwọn oníwádìí tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí wọ́n bá ti gba testosterone lára ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ yìí, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń rọ́ wọ inú prostate rẹ̀. Nítorí náà wọ́n rò ó pé hòmóònù á ṣílẹ̀kùn, immunotherapy á wọlé jà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, lára ọkùnrin 68, fún àwọn kan ní Provenge ṣáájú hòmóònù, wọ́n fún àwọn yòókù ní hòmóònù ṣáájú. Àwọn tó kọ́kọ́ gba Provenge, ọmọ ogun ara wọn ta gìrì ju ti àwọn yòókù lọ. Inú gbogbo èèyàn dùn. Ṣùgbọ́n pé ọmọ ogun ta gìrì kò ì tíì sọ pé ẹ̀mí gùn sí i.

Wọ́n wá dán èyí tí ń gba ayédèrú ìwé lọ́wọ́ jẹjẹrẹ wò. Wọ́n fún ọkùnrin 799 ní ipilimumab tàbí omi lásán, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi iná sí egungun wọn. Nígbà tí èsì jáde ní 2014, kò sí ìyàtọ̀ tó dájú nínú ẹ̀mí wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa enzalutamide pọ̀ mọ́ atezolizumab lára ọkùnrin 759. Wọ́n dá a dúró ní 2019, torí kò fi ọjọ́ kún ọjọ́ wọn. Wọ́n pa enzalutamide pọ̀ mọ́ pembrolizumab, oògùn Carter yẹn gan-an, nínú ìwádìí ńlá méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ju ọkùnrin 1,200 lọ. Ọ̀kan wà fún àwọn tí hòmóònù ò ràn mọ́, èkejì wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 2023, ilé iṣẹ́ Merck dá méjèèjì dúró. Kò fi kún ẹ̀mí wọn, wàhálà ara tó le sì pọ̀ lára àwọn tó gba méjèèjì pọ̀.

Kí ló dé? Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé prostate jẹ́ àdúgbò tó tutù. Lára jẹjẹrẹ awọ, àwọn ọmọ ogun ti kún ẹnu ọ̀nà, àṣẹ ni wọ́n ń dúró dè. Lára prostate, ọmọ ogun ò pọ̀ níbẹ̀, àwọn ìwọ̀nba tó wà sì rẹ̀ wọ́n. Bó o gba ayédèrú ìwé lọ́wọ́ olè níbi tí kò sí ọdẹ, ta ló máa mú un?

Àwọn díẹ̀ wà tó ń ṣiṣẹ́ fún o, ká má purọ́. Bí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tó ní jẹjẹrẹ prostate tó ti le, àbùkù kan wà nínú jíìnì jẹjẹrẹ wọn tí wọ́n ń pè ní MSI. Láti 2017, Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí pembrolizumab fún jẹjẹrẹ tó ní àmì yìí, ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀ lára. Nínú àwọn bẹ́ẹ̀, àwọn kan rí ìwòsàn tó yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tẹ́ẹ̀sì ló ń fi wọ́n hàn, kì í ṣe bí àpò ṣe wúwo tó.

Ohun kan ṣì kù tó kan àwa gan-an. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò àwọn tó gba Provenge ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi àwọn ọkùnrin dúdú wé àwọn funfun tí PSA wọn bá ara mu, àwọn dúdú gbé tó oṣù 35.3, àwọn funfun gbé tó oṣù 25.8. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020. Kì í ṣe ìwádìí tí wọ́n fi dìbò pín èèyàn, nítorí náà kò tíì dé ojú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwádìí ńlá wọ̀nyí, ènìyàn dúdú ò pọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ àwa ni àrùn yìí ń bá jà jù. Ẹni tí wọn ò kà mọ́ ìwádìí, èsì ìwádìí lè má bá a lára mu. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Inú Yunifásítì Ìbàdàn ni Yunifásítì Jos ti jáde, ẹ̀ka Ìbàdàn ló jẹ́ ní 1971 kó tó dá dúró ní 1975. Ọmọ tó ń sùn ní hostel Naraguta lónìí lè jẹ́ ẹni tó máa ṣe ìwádìí yẹn lára àwọn èèyàn tiwa.

KÍ LA WÁ FẸ́ ṢE?

Ẹ padà síbi tá a ní kẹ́ ẹ sàmì sí. Láti 1941 títí dòní, ohun tó ti fi ọjọ́ kún ọjọ́ àwọn bàbá jù lọ nígbà tí jẹjẹrẹ yìí bá ti ràn ni gbígba testosterone lára rẹ̀, kí wọ́n sì tètè fi oògùn bíi abiraterone tàbí docetaxel kún un tí ara bá gbà á. Nígbà tí wọ́n kéde ní May 2025 pé Joe Biden ní jẹjẹrẹ prostate tó ti wọ egungun, àwọn dọ́kítà rẹ̀ sọ pé ó jẹ́ irú èyí tó ń gbọ́ ti hòmóònù. Ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ ni, owó ò wọ́n ọn, síbẹ̀ orí hòmóònù náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún ìdílé yín pé kẹ́ ẹ ta ilẹ̀ fún immunotherapy, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ìkíní: ṣé bàbá ti gba ìtọ́jú hòmóònù dáadáa, ṣé wọ́n sì ti bá wa sọ̀rọ̀ abiraterone àti docetaxel? Ìkejì: ṣé wọ́n ti yẹ jẹjẹrẹ bàbá wò fún MSI, èsì rẹ̀ ńkọ́? Ìkẹta: ṣé ìtọ́jú tí ìjọba ti fọwọ́ sí ni àbí ohun tí wọ́n ṣì ń dán wò? Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n ń dán wò, kò yẹ kí wọ́n máa gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn. Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má fowó yín fún un.

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ ti lé ní ogójì ọdún, pàápàá tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ní in rí, ẹ bi dọ́kítà léèrè nípa tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ PSA. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa fà. Tó bá ga, kò tíì túmọ̀ sí jẹjẹrẹ, àyẹ̀wò míì ló kàn. JUTH wà ní Lamingo, kò jìnnà sí wa. Ẹ má fi àgbo dípò ìtọ́jú. Bí ẹ bá sì ń mu àgbo, ẹ sọ fún dọ́kítà, wọn ò ní jẹ yín. Bàbá tí wọ́n ti sọ fún pé ó ní àrùn yìí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣàdédé kú tìpìrì tàbí tí kò lè tọ̀ mọ́, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ gbé e lọ lóru yẹn, torí ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti ń tẹ okùn ẹ̀yìn rẹ̀, bí wọ́n bá sì pẹ́ kó tó dọ́wọ́ dọ́kítà, ẹsẹ̀ yẹn lè má padà mọ́.

Àwọn àgbà ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwọn bàbá tí kì í ka nǹkan gígùn, kẹ́ ẹ ka á sí wọn létí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó béèrè, àwọn nọ́ọ̀sì àti dọ́kítà wà láàárín wa tí wọ́n á dáhùn. Tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa padà sórí ọ̀rọ̀ ojú irin.

 Ìlera lọrọ̀.